Ẹlúlùú Tó Wúkọ́

“Ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ohùn yín,” ni Etí wí.

Alàgbà Oyèdòkun wò ó tìfura-tìfura. Orí ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà dúró lé lẹ́nu ọ̀nà oko, ó rí rogodo bí ìkòkò tí wọ́n gbé ka orí àdògán, ihò wínníwínní sì yí ikùn rẹ̀ ká. Iná funfun kékeré kan ń tàn lórí rẹ̀.

“Kí ni kí n sọ?”

“Ohun tó bá wù yín, bàbá. Mo ti pa ohùn ìgbà tó kọjá rẹ́. Ẹni tí mo bá ti mọ ohùn rẹ̀, n kò ní kà á mọ́ àwọn ẹran ìgbẹ́.”

“Wọ́n fẹ́ kà mí mọ́ ẹran ìgbẹ́!” Alàgbà yíjú sí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. “Ṣé ẹ gbọ́ èébú tí ọmọ àná yìí ń bú mi?”

“Ó ti tó, bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti mọ ohùn yín. Ẹ fọ bàtà yín kí ẹ tó wọlé.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà náà rẹ́rìn-ín, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú agbada omi tó wà níbẹ̀, nítorí òfin ni pé èso koríko kan kò gbọdọ̀ ti ìlú bá bàtà èèyàn wọ inú igbó tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó kan Mosúnmọ́lá. Òun kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ka ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́ wọn: “Mi ò gbé awò wá, mi ò gbé ẹ̀rọ wá, ojú tí Ẹlẹ́dàá fún mi ni mo gbé wá.”

Ẹgbẹ́ Afojúwogbó ni wọ́n ń pè wọ́n. Nílùú, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ta ló tún ń fi ojú lásán wo nǹkan láyé ìsinsìnyí? Bí labalábá bá fò kọjá, awò ojú èèyàn ti sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ewé tó ń jẹ, kí ẹni tó ni ojú tó ráyè ya ẹnu. Àwọn Afojúwogbó ní àwọn kò fẹ́ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, pé ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá báni jẹ oúnjẹ ẹni tán tó wá ń sọ fúnni pé ó dùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ aláìláwakọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún èèrà nínú igbó onígbó. Lónìí, wọn kò mú agbòjò dání, nítorí Ilé-iṣẹ́ Òjò ti kéde pé òjò kò ní í rọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í yẹ̀.

Láti Ìsẹ́yìn títí dé abà Jagunlabí yìí, dígí ni wọ́n rí lápá ọ̀tún, dígí ni wọ́n rí lápá òsì. Àwọn Amóòrùn ló tẹ́ dígí náà láti fi kó oòrùn jọ. Igbó Jagunlabí nìkan ló ṣẹ́ kù láàárín rẹ̀, ó dúdú, ó tutù, òpó pupa sì ti yí i ká. Kò sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí òpó pupa ń sọ: àwọn Amóòrùn ti fi ojú sí ibẹ̀.

Màmá Abọ́sẹ̀dé, ẹni tó ni igbó náà, jáde wá pàdé wọn. Etí rẹ̀ ti wúwo, nítorí náà ńṣe ló máa ń pariwo sọ̀rọ̀, bí ẹni pé gbogbo ayé ni etí wọn wúwo.

“Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ewu ọ̀nà! Ìgbà kẹta rèé! Ìgbà kẹta ni wọ́n sì fi ń parí ẹjọ́!”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá!” Àǹtí Ṣíjú, olórí ẹgbẹ́, pariwo padà. “Bí Etí ilé ẹjọ́ bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀dá kan ṣoṣo tí wọ́n ti kà sí ohun tó tán nílẹ̀, ọwọ́ Amóòrùn kò tún ní kan igbó yín mọ́ láyé.”

“Bí kò bá gbọ́ ńkọ́?”

Àǹtí Ṣíjú wo bàtà ara rẹ̀.

“Wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́.” Màmá fi ọwọ́ kan ohun kan tó ń dán lọ́rùn rẹ̀. “Yàrá kan n’Ìbàdàn. Àjà kẹtàlélógún! Wọ́n ní bí mo bá yọjú lójú fèrèsé, n ó máa rí ìkùukùu nísàlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìkùukùu ṣe nísàlẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára kọ́kọ́rọ́ náà. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an. Ní ìgbà méjì tí wọ́n ti wá síbí, àparò ké, àdàbà ké, ọ̀kẹ́rẹ́ jà lórí igi, Etí sì ń wí lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n.” Ẹ̀dá tí Etí bá ti mọ̀ kò lè gba igbó sílẹ̀.

Etí fi ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn ṣáájú wọn lọ sí abẹ́ igi ayùnrẹ́ ńlá kan láàárín igbó, ó lúgọ síbẹ̀. Àǹtí Ṣíjú kó ẹgbẹ́ jọ.

“Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín mọ ohùn ẹyẹ sín jẹ. Ẹ má dán an wò lónìí. Etí kò mọ àwàdà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹyẹ.”

Alàgbà Oyèdòkun mi orí ju gbogbo èèyàn lọ. Mosúnmọ́lá náà mi orí.

Wọ́n pín sí méjì bí ìṣe wọn. Apá kan gba ọ̀nà odò, apá kejì gba ọ̀nà àpáta. Nínú ẹgbẹ́ náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí nǹkan kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni yóò gbé lé orí, yóò sì dúró gbọn-in títí àwọn yòókù yóò fi wá fi ojú ara wọn rí i. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sórí káàkiri. Ọwọ́ lọ sórí nítorí alágẹmọ kan tó ń gun ẹ̀ka, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú tó ń dá a padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọwọ́ lọ sórí nítorí olú funfun tó hù lára igi tó ti jẹrà. Obìnrin kan tó jẹ́ adájọ́ nílùú dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́ ìjàlọ, kò sì dìde àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn wọ inú aṣọ rẹ̀. Inú Mosúnmọ́lá dùn débi pé ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Ibí yìí náà ni wọ́n fẹ́ fi dígí bò!

Ló bá rọra fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ó dé etí odò níbi tí eésún ti ga ju èèyàn lọ. Ó wò yíká. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó sì fi ẹnu sí i bí bàbá bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ohùn ẹlúlùú ló gbé jáde, ẹyẹ tí wọ́n ní ó ti tán nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí i: hú, hú, hú-hú-hú-hú, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi tó ń jáde lẹ́nu akèrègbè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan Etí jẹ. Bí ẹyẹ náà bá wà níbì kan, tó dákẹ́ nítorí pé kò ní ẹnìkejì, Mosúnmọ́lá fẹ́ kó mọ̀ pé ẹnìkan ń pè é.

Láti ọ̀nà jíjìn, lápá àpáta, ó dáhùn.

Irun ara Mosúnmọ́lá dìde. Ó tún pè é, ó tún dáhùn. Ó fa èémí fún ìgbà kẹta, kòkòrò kan bá èémí náà wọlé, ohùn ẹlúlùú sì fi ikọ́ parí. Síbẹ̀ ẹyẹ náà dáhùn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí, ó sáré.

Alàgbà Oyèdòkun ló pàdé lábẹ́ ayùnrẹ́. Òun náà ń sáré bọ̀ láti apá àpáta, ọwọ́ wà lórí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹlúlùú!” ni àwọn méjèèjì pariwo pọ̀.

Iná orí Etí di àwọ̀ ewé. “Mo gbọ́ ohùn tí n kò mọ̀ rí. Ẹni méjì ti pe orúkọ rẹ̀. Mo gbà á. Ẹyẹ méjì ni wọ́n, ọ̀kan lápá odò, ọ̀kan lápá àpáta, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ó dà bíi pé tọkọtaya ni wọ́n.”

“Ọlọ́run á fún wọn lọ́mọ!” ni adájọ́ ké, kò rántí ìjàlọ mọ́.

Wọ́n fò mọ́ra wọn, wọ́n gbá Etí pàápàá mọ́ra. Nígbà tí wọ́n fi dé abà, òpó pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ fúnra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń wọ ihò. Màmá Abọ́sẹ̀dé ń tẹ̀ lé wọn kiri, ó ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ó dàbọ̀. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ Ìbàdàn lọ́rùn, ó so ó mọ́ ọrùn ewúrẹ́ rẹ̀.

“Máa lọ!” ó wí fún ewúrẹ́ náà. “Máa lọ wo ìkùukùu!”

Abẹ́ igi ọ̀dán ni wọ́n jókòó sí, nítòsí balùwẹ̀ tí eésún àti ìtàkùn ti bo ẹ̀yìn rẹ̀. Iyán dé, ọbẹ̀ ìsápá dé. Màmá ní òun ti pinnu láti sè é tẹ́lẹ̀, yálà fún ayọ̀ tàbí fún ó dìgbóṣe. Etí náà wá dúró láàárín wọn.

“Mo ní ìròyìn mìíràn tó dára,” ó wí. “Kò sí Etí kankan tó ní ohùn ẹlúlùú tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ òní, gbogbo Etí tó wà nílẹ̀ yìí ni yóò kọ́ eléyìí. Láti ọ̀la lọ, ẹyẹ tí kò bá dún báyìí kì í ṣe ẹlúlùú.”

Ó gbé ohùn náà jáde, ó jẹ́ kó lọ sókè dáadáa: hú, hú, hú-hú-hú, kọ́họ́!

“Ó wúkọ́!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá pàápàá gbọ́ ọ. “Áà, ẹyẹ Ọlọ́run! Ó ní ikọ́!”

Mosúnmọ́lá dá òkèlè tó ti bù padà sínú abọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ikọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ kan Alàgbà Oyèdòkun tó jókòó tì í.

“Bàbá, kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ gbọ́ ọ lápá àpáta?”

Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Má jẹ́ kí Ṣíjú gbọ́ o. N kò lè mú un mọ́ra, mo dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ́ ẹ. Nígbà tó wá wúkọ́ yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo rọra dá a lóhùn kó lè mọ̀ pé mo bá a kẹ́dùn.”

“Bàbá, èmi ni mo wúkọ́.”

Ẹnu Alàgbà là sílẹ̀ tòun ti iyán. Nígbà tó yá, ó pa á dé.

“Èmi àtìwọ ni tọkọtaya yẹn?” ó wí. “Ìyàwó mi á pa mí.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mosúnmọ́lá, ẹkún sì tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Kí la máa ṣe, bàbá?”

“Ká dákẹ́. Ta ló kú? Wo bí Màmá ṣe ń yọ̀.”

“Bí ẹlúlùú gidi bá ṣẹ́ kù sínú igbó kan lọ́nà Kìṣí ńkọ́? Etí máa débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹyẹ á ké, Etí á ní irọ́ ló ń pa, torí kò wúkọ́. Wọ́n á fi dígí bò ó. Ohùn mi ni wọ́n á fi lé e kúrò nílé.”

Alàgbà ń fi ìka fa ọbẹ̀ kiri nínú abọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀. “Ìwọ tí o gbọ́ ọ, gba ẹran kún un!” Ó ju ẹran ńlá kan sínú abọ́ Mosúnmọ́lá, ó sì fọwọ́ pa á lórí.

Ì bá sàn kó gbá a létí. Mosúnmọ́lá wo òpó pupa tó kẹ́yìn, orí rẹ̀ nìkan ló kù lókè ilẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá lè dákẹ́ díẹ̀ sí i, yóò wọlẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí. Ó dìde.

“Màmá!” Ó ní láti pariwo kí arúgbó náà lè gbọ́, nítorí náà gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. “Kì í ṣe ẹyẹ! Èmi ni! Mo kàn fẹ́ kó dáhùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí!”

Alàgbà Oyèdòkun náà dìde, ó fa fìlà rẹ̀ bọ́. “Èmi náà ni. Èmi ni ọkọ.”

Àǹtí Ṣíjú fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Iná orí Etí di funfun padà. Òpó pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, yẹ̀pẹ̀ tútù wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Màmá wò wọ́n títí wọ́n fi jáde tán. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Mosúnmọ́lá.

“Ìwọ lo wúkọ́ yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo ti ń ro ewé tí n ó sè fún ẹyẹ náà.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí lọ́jọ́ náà tí kò pariwo. Ó mí kanlẹ̀. “Jókòó, gbé abọ́ rẹ. Wọn kì í sọ òtítọ́ nílé mi kí wọ́n tún febi lọ.”

Ó nawọ́ sí ewúrẹ́ kó lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ewúrẹ́ sá.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin méjèèjì,” ni Etí wí, “ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ mọ irú ohùn yín yìí, kí n lè yọ ọ́ kúrò.”

Mosúnmọ́lá pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Ohùn náà jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ bó ti yẹ.

“Ènìyàn,” ni Etí wí.

Alàgbà pè é.

“Ènìyàn,” ni Etí wí. “Ẹ ṣeun.”

Ohùn náà sì tún dún: hú, hú, hú-hú-hú-hú.

“Ènìyàn,” ni Etí bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. “Ẹni kẹta, n kò mọ ohùn yín. Ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yín?”

Wọ́n wo ojú ara wọn. Òkèlè wà lẹ́nu adájọ́. Ọwọ́ Àǹtí Ṣíjú ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń gba àárín ìka wò wọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ Mosúnmọ́lá ti tú sílẹ̀, ti Alàgbà náà ti tú. Ohùn náà tún dún, ó le, ó ń bínú, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló sì ti ń wá.

Eésún mì. Ẹyẹ kan jáde sórí ìtàkùn, ó wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Òkè-Ògùn, orí rẹ̀ dúdú, ìrù rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Ó wo Mosúnmọ́lá, ó wo Alàgbà, bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó jáde wá bi wọ́n pé ta ló fún wọn láyè. Inú igbó jíjìn ni wọ́n ti ń wá a láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rò ó pé kí àwọn wo ẹ̀yìn balùwẹ̀.

Màmá Abọ́sẹ̀dé kò gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wúwo. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé orí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àǹtí Ṣíjú, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ọwọ́ tòun ti iyán, ọbẹ̀ ìsápá sì ń ṣàn bọ̀ lẹ́bàá etí Alàgbà.

“Ẹni kẹta,” ni Etí tún wí sókè, “ẹ jọ̀wọ́, orúkọ yín.”

“Má dà á láàmú,” ni Màmá dá a lóhùn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. “Ẹlúlùú ni. Òun ló nilé.”

“Ẹlúlùú ni,” ni Àǹtí Ṣíjú wí tẹ̀ lé e.

Iná orí Etí di àwọ̀ ewé, òpó pupa àkọ́kọ́ sì wọlẹ̀ lọ.

Ẹyẹ náà ké lẹ́ẹ̀kan sí i, kò wúkọ́, ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó wọ inú eésún rẹ̀ lọ. Màmá gbọn aṣọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀. “Ṣé gbogbo bí mo ti ń wẹ̀ lo wà níbẹ̀? O kò sì rí ẹni kan rán sí mi!”

Ìgbà náà ni wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò fẹ́ tán. Mosúnmọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nǹkan tútù kan bọ́ sí i lórí. Òmíràn bọ́ sí i nímú. Ó gbójú sókè, ojú ọ̀run ti ṣú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Òjò.

“Òjò tí ẹlúlùú bá pè,” ni Alàgbà Oyèdòkun bẹ̀rẹ̀, ó ń wá fìlà rẹ̀.

“Orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ sí,” ni Mosúnmọ́lá bá a parí, kò sì kúrò níbi tó wà.

Òjò dé wàrà. Àwọn kan sá wọ abẹ́ òrùlé, àwọn yòókù dúró sínú rẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n la ẹnu. Ewúrẹ́ sáré kọjá, kọ́kọ́rọ́ Ìbàdàn ń dún lọ́rùn rẹ̀ bí ṣaworo. Màmá Abọ́sẹ̀dé rí Etí tó dá dúró nínú omi, ó ní àlejò òun kò ní í kó òtútù lọ sílé, ló bá lọ gbé bàsíà iyán tó ti ṣófo, ó sì dé e mọ́ ọn lórí. Òjò lu bàsíà náà, ó ń dún gbagbaga.

Láti abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹni kẹrin,” ni Etí wí, “ẹ jọ̀wọ́, ta ni yín?”